Ta ló máa kí Ìyá láti Mars? Ọ̀rọ̀ àwa tó ń kọ ìtàn sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá

Akọ̀wéAlẹ́ (Ìbàdàn)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Àbúrò mi kan bi mí pé kí gan-an ni ẹni tó ń kọ ìtàn sáyẹ́ǹsì máa ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Lójú tiẹ̀, mo ti gbé awò ńlá kan sójú fèrèsé, mo ń wo ìràwọ̀. Ẹ̀rín pa mí. Ọ́fíìsì ni mo máa ń wà títí di ìrọ̀lẹ́, láàárín fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì. Tí mo bá délé, màá dáná, màá wo iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ, ó di ìgbà tí gbogbo ilé bá sùn kí n tó rí àyè ara mi. Ìwé kíkà ló máa ń kọ́kọ́ gba àyè yẹn. Tí oorun ò bá tíì gbé mi lọ, màá wá fa ìwé ìkọ̀wé mi yọ. N kì í fi fóònù kọ nǹkan níbẹ̀rẹ̀, torí tí mo bá ti gbé fóònù báyìí, WhatsApp ló kù.

Ohun tí mo ń kà ò létò rárá. Lálẹ́ àná, ìròyìn NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, nípa ọkọ̀ tó wà lórí Mars ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá mo ṣí Fágúnwà, mo sì fi ìjálá kan parí rẹ̀. Ẹni tó bá rí mi á ní orí mi ti dàrú. Àmọ́ ibi tí àwọn nǹkan wọ̀nyẹn bá ti kọlu ara wọn ni ìtàn ti máa ń wá bá mi.

Èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí nìyí: ọmọbìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan, Àbẹ̀kẹ́, ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ omi lórí Mars. Ìyá rẹ̀ wà nílé. Mo fẹ́ kí ó pe ìyá rẹ̀ láàárọ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo há sí. Ìmọ́lẹ̀, tí kò sí ohun tó yára tó o, máa ń lo ìṣẹ́jú 3 láti Mars dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí Mars bá sún mọ́ wa jù lọ. Tó bá jìnnà jù lọ, ó ń tó ìṣẹ́jú 22. Àlọ nìkan nìyẹn o. Àbẹ̀kẹ́ á ní "Ẹ káàárọ̀ mà." Ìyá á ní "Káàárọ̀, ọmọ mi, ṣé o sùn dáadáa?" Ẹ bá mi rò ó. Ní gbogbo ìtàn òyìnbó tí mo ti kà, ẹni tó wà lókè á kàn sọ ìròyìn tó ní, ó tán. Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ wo ló máa gbà kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ ìròyìn láìtíì kí òun?

ÌyáBòdé (Peckham)

Àbúrò mi, o ò há síbì kankan. Ṣé o kì í gba fọ́ìsì nóòtù ni? 

Màámi wà ní Iléṣà. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe ní ọsibítù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, kò sí ìgbà tí èmi àti wọn jọ máa ń wà lójúfò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n á ní, "Ìyá Bòdé, ṣé dáadáa ni?" Wọ́n á wá dákẹ́. O máa gbọ́ tí adìẹ ń ké lẹ́yìn. Wọ́n á wá ní, "Ẹn-ẹn, a dúpẹ́. Bòdé ńkọ́?" Wọ́n á tún dákẹ́. "Ó ti ga báyẹn? Ọlọ́run á dá a sí." Wọ́n á kí mi, wọ́n á bá mi dáhùn, wọ́n á fi àyè ẹnu mi sílẹ̀ fún mi níbẹ̀. Bí èmi náà bá ń gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì, màá máa fèsì sínú àyè yẹn, àwọn èèyàn á máa wò mí.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ náà á mọ̀ ọ́n ṣe. Kò sí ẹni tó máa kọ́ ọ.

Akọ̀wéAlẹ́ (Ìbàdàn)

Hẹ̀ẹ̀! Adìẹ tó ń ké nínú àyè ìdáhùn. Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti jí i o. Ẹ má pè mí lẹ́jọ́.

TíṣàFísíìsì (Òṣogbo)

Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ físíìsì ni mo ṣe ní sẹ́kọ́ńdìrì títí mo fi fẹ̀yìntì, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Nọ́ńbà tí ọmọ mi kọ sókè yẹn dára. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣẹ́jú 20 ṣírò. Kí èsì ìkíni kan ṣoṣo tó padà dé etí ìyá, ìṣẹ́jú 40 ti lọ. Tí wọ́n bá béèrè ilé, béèrè iṣẹ́, béèrè ara, béèrè oúnjẹ, béèrè àwọn ará ibi iṣẹ́, kí wọ́n wá béèrè òtútù, wákàtí mẹ́rin ti lọ, ọ̀rọ̀ ò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Ti Ìyá Bòdé yẹn ló máa yanjú rẹ̀.

Àmọ́ ohun kan wà tí ẹ ò tíì rí. "Ẹ káàárọ̀" tí Àbẹ̀kẹ́ fẹ́ kí ìyá rẹ̀ yẹn, àárọ̀ ta ni? Ọjọ́ kan lórí Mars jẹ́ wákàtí 24 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Tí àárọ̀ àwọn méjèèjì bá bọ́ sí àsìkò kan náà lónìí, lọ́la ti ọmọ á fi ìṣẹ́jú 40 pẹ́ ju ti ìyá lọ. Lọ́tùn-únla, ó ti lé ní wákàtí kan. Tó bá fi máa tó ọjọ́ 18, ìyá ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán, ọmọ wà láàárín òru. Ó di bí ọjọ́ 36 tàbí 37 kí àárọ̀ wọn tó tún pàdé. Èyí kì í ṣe àlá o. Àwọn òṣìṣẹ́ NASA tó ń darí ọkọ̀ Mars láti California ti jẹ nínú ìyà yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀, aago Mars ni wọ́n máa ń bá lọ síbi iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ yìí wọ́n á wọṣẹ́ láàárọ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ á di ọ̀sán, títí dé òru ọ̀gànjọ́.

Ẹ tún fi èyí kún un: ní nǹkan bí oṣù 26 síra wọn, oòrùn máa ń bọ́ sáàárín ayé àti Mars. Ní àsìkò yẹn, NASA kì í fi àṣẹ ránṣẹ́ sí àwọn ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, torí oòrùn lè ba ọ̀rọ̀ jẹ́ lójú ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyá ò ní gbóhùn ọmọ. Ìtàn wà níbẹ̀ o.

Alhaji_Ìwó

Àsàlámù aláékùm, ẹ̀yin ará. N kì í kọ ìtàn, òǹkàwé ni mí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ "àárọ̀ ta ni" tí Bàbá Tíṣà sọ yìí, àwa mùsùlùmí ti bá a pàdé lójúkojú.

Lọ́dún 2007, ará Malaysia kan, dókítà ni, Sheikh Muszaphar Shukor, bá àwọn Rọ́ṣíà gòkè lọ sí ibùdó òfuurufú ńlá tó ń yí ayé ká. Inú oṣù Ramadan ló gbéra. Ibùdó yẹn ń yí ayé po bí ìgbà 16 láàárín ọjọ́ kan, ìyẹn ni pé oòrùn ń yọ níbẹ̀ nígbà 16, ó ń wọ̀ nígbà 16. Ìrun mélòó lẹ máa kí? Àwọn àlùfáà Malaysia jókòó, wọ́n kọ ìlànà sílẹ̀ fún un: kó fi aago ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ ti gbéra kírun, ìyẹn Baikonur ní Kazakhstan. Ní ti Kíbúlà, wọ́n ní kó ṣe é bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Tí kò bá lè kọjú sí Káábà gan-an, kó kọjú sí ayé. Tí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe, ibi yòówù tó bá kọjú sí ti tó.

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni pé, nínú ìtàn yín, ẹ jẹ́ kí ìyá àti ọmọ fẹnu kò sórí aago kan. Aago Ògbómọ̀ṣọ́ ni kí Àbẹ̀kẹ́ máa fi kí ìyá rẹ̀.

ÌyáBòdé (Peckham)

Alhaji, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ó ṣi í kí lẹ́ẹ̀kan, kí ìyá fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọmọ_Àyàn (Ọ̀yọ́)

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ìlù ni iṣẹ́ ilé wa, ìbéèrè tèmi ò ju ọ̀kan lọ. Ǹjẹ́ dùndún lè sọ̀rọ̀ lórí Mars? Ẹ má kàn dá mi lóhùn pé rárá, ẹ ṣàlàyé.

TíṣàFísíìsì (Òṣogbo)

Ọmọ Àyàn, o bi mí ní ìbéèrè tó dùn mọ́ mi nínú.

Nígbà tí ọkọ̀ Perseverance gúnlẹ̀ sórí Mars ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2021, makirofóònù wà lára rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a máa fetí gbọ́ ibẹ̀ dáadáa. A gbọ́ atẹ́gùn, a gbọ́ bí táyà ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe ń ha òkúta. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tiwa, kábọ́nì dáyọ́sáìdì ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nítorí náà ìró ò lè rìn jìnnà níbẹ̀. Ìlù tó gba gbogbo àdúgbò níbí, lọ́hùn-ún ó lè má kọjá ẹni tó dúró tì ọ́. 

Wàyí o, ohun tó máa yà ọ́ lẹ́nu. Níbí, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ jọ ń sáré bákan náà ni, bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí Mars wọn ò jọ rìn. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2022 láti inú makirofóònù yẹn fi hàn pé ìró tó wà nísàlẹ̀ (tí kò gbọ̀n tó ìgbà 240 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ń sáré bíi mítà 240, àwọn tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ ń sáré bíi mítà 250. Ohùn òkè ló máa ń kọ́kọ́ dé.

Ọmọ_Àyàn (Ọ̀yọ́)

Yéè! Bàbá Tíṣà, ẹ ti pa mí. Ẹ mọ ohun tí ẹ sọ yẹn? Tí mo bá fi ìlù kì èèyàn, tí ohùn òkè ń ṣáájú ohùn ìsàlẹ̀, oríkì á dàrú lójú ọ̀nà. Mo kì Ọba, wọ́n á gbọ́ pé mo bú u!

TíṣàFísíìsì (Òṣogbo)

Fara balẹ̀. Ṣírò rẹ̀ wò. Tí olùgbọ́ bá wà ní mítà 50 sí ọ, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan. Etí ò lè mú un. Ibi tí ìyàtọ̀ yẹn ì bá ti tóbi, ìlù rẹ á ti dákẹ́ kó tó débẹ̀. Inú ilé tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ ayé kún ni o ti máa lù ú, o ò lè lù ú níta. Níbẹ̀, ohun gbogbo á rí bó ṣe rí ní Ọ̀yọ́. 

Àmọ́ mo mọ̀ pé akọ̀wé á fẹ́ bá mi jiyàn.

Ọmọ_Àyàn (Ọ̀yọ́)

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣùgbọ́n kò ní rí bó ṣe rí ní Ọ̀yọ́ o, ẹ jọ̀ọ́. Awọ mọ ojú ọjọ́. Lásìkò òjò, ojú ìlù á dẹ̀, o máa fa ọsán títí, ohùn òkè ò ní jáde dáadáa, àfi kó o gbé e sóòrùn tàbí kó o yá a níná. Lásìkò ọyẹ́, ó tún le koko, tó ò bá ṣọ́ra, ó lè ya. Ta ló máa sọ fún àwọn tó ń ṣètò afẹ́fẹ́ inú ilé yẹn bí ìlù ṣe fẹ́ ẹ? Wọ́n á fi ẹ̀rọ fa ọ̀rinrin nítorí kọ̀ǹpútà wọn, awọ mi á máa ké. Àyàn àti ẹlẹ́ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ á máa jà lójoojúmọ́. Àbẹ̀kẹ́ tó jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀rọ omi yẹn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni màá gbé ẹjọ́ lọ.

Akọ̀wéAlẹ́ (Ìbàdàn)

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́, iná lọ. Ọmọ Àyàn, o ti wọ inú ìtàn, kò sí bó o ṣe máa jáde mọ́.

Ojú_Ayé (Èkó)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní olórí kunkun. Akọ̀wéAlẹ́ fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé iná lọ. Dátà tí mo fi ń ka èyí, owó gidi ni mo fi rà á. Ẹ wá jókòó, ẹ ń ṣírò ìlù lórí Mars. Kí ni ti Mars kàn wá? Àwọn tó ní owó tí wọ́n máa fi débẹ̀ ni kí wọ́n máa kọ ìtàn rẹ̀.

TíṣàFísíìsì (Òṣogbo)

Ojú Ayé, ìbéèrè rẹ tọ́, kò sẹ́ni tó máa bínú sí ọ. 

Ṣé o rí díìṣì tó wà lórí òrùlé àdúgbò rẹ? Wo ibi tí gbogbo wọn kọjú sí, ojú kan náà ni, wọn kì í yí. Sátẹ́láìtì tí wọ́n ń wò wà lókè ìlà agbedeméjì ayé, bíi kìlómítà 36,000 sókè, ó ń bá ayé yí bó ṣe ń yí gẹ́lẹ́, ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé ó dúró sójú kan. Lọ́dún 1945, kí sátẹ́láìtì kankan tó wà láyé rárá, Arthur C. Clarke kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn àwọn onírédíò ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbé ìròyìn káàkiri ayé. Òǹkọ̀wé ìtàn sáyẹ́ǹsì ni. Ogun àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parí lọ nígbà yẹn, ìjọba ṣì ń wọn oúnjẹ fún àwọn ará ìlú rẹ̀.

Ní ti pé Mars ò kàn wá, Mars ti wá sí Nàìjíríà rí. Lọ́dún 1962, òkúta kan já láti ojú ọ̀run sínú oko àgbẹ̀ kan ní Zagami, lágbègbè Katsina. Àgbẹ̀ náà ń lé ẹyẹ lóko àgbàdo rẹ̀ lọ́wọ́ ni. Òkúta náà wúwo tó kílò 18. Nígbà tó yá tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ara Mars ló ti ṣẹ́. Ó ti di gbajúmọ̀ láàárín àwọn onímọ̀ òkúta lágbàáyé báyìí, Zagami náà ni wọ́n ń pè é.

Ojú_Ayé (Èkó)

Bàbá, n kò gbọ́ ti òkúta yẹn rí láyé mi. Kí ló dé tí wọn ò fi kọ́ wa nílé ìwé? Ẹ gbà, mo jókòó.

ÌyáBòdé (Peckham)

Èmi fẹ́ fi kún ti Ojú Ayé, torí ọ̀rọ̀ owó àti àkókò ló ń dùn ún, ó sì ń dun èmi náà. Ọkàn mi máa ń sọ fún mi pé ẹni tó jáde iṣẹ́ alẹ́, tó ní ọmọ nílé, kò yẹ kó máa kọ ìtàn. Ohun tí mo máa ń fi lé e lọ ni ìtàn ìgbésí ayé Octavia Butler. Obìnrin dúdú ará Amẹ́ríkà ni, Pasadena ní California ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1947, ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀, ó máa ń jí ní aago méjì òru kọ ìwé kó tó lọ síbi iṣẹ́. Irú iṣẹ́ wo? Ó fọ abọ́, ó tẹ fóònù fáwọn oníbàárà, ó dúró nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń din ànàmọ́, ó ń ṣa èyí tí kò dára kúrò. Kò wa mọ́tò, bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀, inú bọ́ọ̀sì ló ti ń wo àwọn èèyàn tó ń fi sínú ìtàn. Lọ́dún 1995, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn MacArthur, òun sì ni òǹkọ̀wé ìtàn sáyẹ́ǹsì àkọ́kọ́ tó gbà á.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni Tade Thompson, ọmọ Yorùbá níbí, dókítà ọpọlọ ni. Ó gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke lọ́dún 2019 fún ìtàn tó gbé kalẹ̀ sí Nàìjíríà, síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ dókítà sílẹ̀. Nítorí náà n kì í gbọ́ àwáwí ara mi mọ́. Mo kàn máa ń sùn díẹ̀ kọ́kọ́ ni.

Akọ̀wéAlẹ́ (Ìbàdàn)

Ẹ̀yin ará, mo ti kọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ má dá mi sí o:

"Màmá tẹ fóònù. Ó mọ̀ pé ohùn òun máa lo ìṣẹ́jú 14 kó tó dé ọ̀dọ̀ Àbẹ̀kẹ́ lórí Mars, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ń sáré kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìbànújẹ́ ńlá kan kún ọkàn rẹ̀ bó ti ń ronú nípa gbalasa òfuurufú tó ya òun àti ọmọ òun nípa."

Olótùú_Abẹ́òkúta

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè, mo dákẹ́ ni. Iṣẹ́ mi ni pé kí n máa tún ìwé àwọn èèyàn ṣe, ẹ foríjì mí tí ẹnu mi bá mú.

Ìyá tí o kọ yìí ti di TíṣàFísíìsì. Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ ti pẹ́ lórí Mars, ṣé ó tún ń rò nípa eré ìmọ́lẹ̀ kó tó pe ọmọ? Èmi náà ń fóònù lójoojúmọ́, n kò ronú nípa òpó rí. Ìdúró ló mọ̀. Nítorí náà, kí ló ń fọwọ́ ṣe nígbà tó ń dúró? Sọ ìyẹn fún mi, èmi fúnra mi á mọ bí Mars ti jìnnà tó. Tó bá wá di orí karùn-ún tí Mars ti sún mọ́ ilé, jẹ́ kí ohun kan náà tó ń fọwọ́ ṣe yẹn má tíì parí tí èsì á fi wọlé. Kò ní nílò nọ́ńbà kankan.

"Ìbànújẹ́ ńlá kún ọkàn rẹ̀" yẹn, gé e kúrò. Ìyá tó wà níwájú wa nínú ọ̀rọ̀ Ìyá Bòdé, tó ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹnu ọmọ, ta ló sọ fún wa pé àárò ń sọ ọ́? Síbẹ̀ a mọ̀.

Kà á sókè kó o tó tún gbé e wá. Tí ẹnu rẹ bá kọsẹ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ọmọ_Kóòdù (Yábàá)

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti ń tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ kékeré kan. Àmì orí àti àmì abẹ́ lẹ́tà máa ń wọlé lóríṣiríṣi. Lẹ́tà "ọ" wà ní odidi kan, ó sì tún wà ní "o" tí wọ́n lẹ àmì mọ́ nísàlẹ̀. Lójú wa ìkan náà ni wọ́n, kọ̀ǹpútà ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan fi fóònù kọ ìdajì ìtàn, ó fi kọ̀ǹpútà kọ ìyókù, ó wá fẹ́ pààrọ̀ orúkọ ọ̀dájú kan káàkiri ìwé náà. Kọ̀ǹpútà yí ìdajì padà, ó fi ìdajì sílẹ̀, ọ̀dájú náà wá di èèyàn méjì. Ètò tó ń sọ gbogbo rẹ̀ di irú kan náà wà, NFC ni wọ́n ń pè é. Tí ẹ bá fi fáìlì ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín ṣe é, lọ́fẹ̀ẹ́.

Akọ̀wéAlẹ́ (Ìbàdàn)

Ọlọ́run á san án fún ọ. Mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ.

Olótùú, ọ̀rọ̀ yín dùn mí fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan, mo wá rí i pé òótọ́ ni. Ó dọwọ́ yín:

"'Àbẹ̀kẹ́, ṣé o jí ire?' Ìyá gbé fóònù kúrò lẹ́nu, ó dákẹ́ díẹ̀. Ewúrẹ́ kan ké lẹ́yìnkùlé. 'Ẹn-ẹn, a dúpẹ́. Òtútù ibẹ̀ yẹn ńkọ́?' Ó tún dákẹ́. 'Ó ti rọlẹ̀? Ó dáa. Máa wọ ìbọ̀sẹ̀.' Ó fi í ránṣẹ́. Ó fa àtẹ ẹ̀wà mọ́ra. Ó ṣà á, ó fẹ́ ẹ, ó fọ̀ ọ́, ó gbé e kaná. Ó ti ń wá iyọ̀ kí fóònù tó dún.

'Ẹ káàárọ̀ mà.' Ohùn ọmọ náà kún fún oorun. 'Áà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúùrọ̀lẹ́ ni. Àbí ẹ káàsán? Màámi, ẹ kú ohun tó wà níbẹ̀.'"

Olótùú_Abẹ́òkúta

Ìyàtọ̀ ti dé. N kò ní fọwọ́ kan "máa wọ ìbọ̀sẹ̀" yẹn láé.

ÌyáBòdé (Peckham)

Ẹ wò ó, mo ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá ìsinmi níbi iṣẹ́, wọ́n ń bi mí pé kí ló ṣe mí.

Ẹ jẹ́ kí n béèrè tèmi. Ìtàn tí èmi ń kọ, orí òṣùpá ni, wọ́n bímọ síbẹ̀. Láti ìgbà tí oòrùn bá yọ níbẹ̀ títí tó máa fi tún yọ, bíi ọjọ́ 29 àbọ̀ tiwa ni. Bàbá àgbà ọmọ náà, tó bá wọn lọ, ní oòrùn ibi tí wọ́n bá bí ọmọ sí ni wọ́n fi ń ka ọjọ́, nítorí náà ọjọ́ kẹjọ kò tíì pé. Tí a bá tẹ̀ lé ìyẹn, ọmọ á ti tó nǹkan bí oṣù méje. Á ti máa jókòó, á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rá, á máa fa fìlà bàbá tó wá sọ ọ́ lórúkọ. Ìyá ọmọ ò sì gbà, ó ní aago ilé ni. Ta lẹ máa gbè lẹ́yìn?

Alhaji_Ìwó

Ìyá ọmọ. Baikonur, ẹ ṣáà rántí.

Ọmọ_Àyàn (Ọ̀yọ́)

Bàbá àgbà ni tèmi. Oṣù méje tí wọn ò ní fi orúkọ pe ọmọ, ẹ ò rí i pé gbogbo ilé ló máa ti ní orúkọ tí kálukú ń pè é? Ìkómọ á di ìjà. Ìtàn tó dùn nìyẹn.

Akọ̀wéAlẹ́ (Ìbàdàn)

Mo gba ti Ọmọ Àyàn.

Ẹ̀yin ará, ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an ni ìparí. Ọkọ̀ kì í kúrò láyé lọ sí Mars nígbàkígbà tó bá wu èèyàn. Ní nǹkan bí oṣù 26 síra wọn ni ọ̀nà máa ń là, ìrìn àjò náà sì ń gba nǹkan bí oṣù méje. Perseverance gbéra ní òpin oṣù keje ọdún 2020 kó tó débẹ̀ ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e. Bíbọ̀ náà ní àsìkò tirẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ni àkọ́bí, òun nìkan sì ni ìyá bí lóbìnrin. Tí nǹkan bá ṣe ìyá, tí ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ padé, ó lè tó bí ọdún méjì àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọmọ tó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ta ló máa sìnkú?

Alhaji_Ìwó

Tó bá jẹ́ mùsùlùmí ni, ọ̀rọ̀ ò pọ̀. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n máa sin ín.

Olótùú_Abẹ́òkúta

Tí kì í bá ṣe mùsùlùmí, àwọn ẹbí á ní kí òkú wà ní mọ́ṣúárì títí àkọ́bí á fi dé. Ẹ̀gbọ́n ìyá á ní àwọn ò lè máa san owó mọ́ṣúárì fún ọdún méjì. Àwọn kan á ní kí wọ́n sin ín, kí wọ́n ṣe ẹ̀yẹ nígbà tí ọmọ bá dé. Ẹni kan á béèrè pé ta ló máa ra aṣọ ẹbí. Ọmọ náà á máa gbọ́ gbogbo ìjà yìí, bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí wọ́n ti jà á tán. Tó bá fi máa dá sí i, wọ́n á ti parí rẹ̀, tàbí kí wọ́n ti dá òmíràn sílẹ̀. Kọ ìyẹn.

ÌyáBòdé (Peckham)

Akọ̀wéAlẹ́, mo bẹ̀ ọ́ ní orúkọ Ọlọ́run, má pa ìyá yẹn.

Akọ̀wéAlẹ́ (Ìbàdàn)

Bàbá Àbẹ̀kẹ́ ńkọ́?

ÌyáBòdé (Peckham)

Ọ̀gbẹ́ni yẹn, tí a ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ.

TíṣàFísíìsì (Òṣogbo)

Ọmọ mi, sọ ọdún àti oṣù tí ìtàn rẹ bẹ̀rẹ̀ fún mi. Màá bá ọ ṣírò ibi tí Mars wà lóṣooṣù, kí ẹ̀wà ìyá má baà jinná lọ́jọ́ tí kò yẹ kó jinná.